Ọ̀nà wo ló yẹ ká gbà tọ́ka sí kókó ìwé? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ yan èyí tó bá ilé-ìkàwé rẹ̀ mu

Òǹkàwé tó bá mọ orúkọ òǹkọ̀wé tàbí àkọlé ìwé kì í pẹ́ rí ohun tó ń wá nínú kátálọ́ọ̀gù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìtọ́ka kókó kàn gan-an ni ẹni tó dé ẹnu tábìlì tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ní lórí àwọn obìnrin tó ń ṣe àdìrẹ láyé ìgbà kan?" Kò mọ ẹni tó kọ ìwé, kò mọ àkọlé, kókó nìkan ló mú wá. Bí ìwé náà bá wà lórí pẹpẹ tí kò sì rí i, ẹ̀bi ẹni tó ṣe ìtọ́ka ni.

Ọ̀nà tí a lè gbà ṣe ìtọ́ka náà pọ̀, ìwé ẹ̀kọ́ sì máa ń tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí ẹni pé ọgbọọgba ni gbogbo wọn. Wọn kì í ṣe ọgbọọgba. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ: irú ìbéèrè tí àwọn òǹkàwé yín ń béèrè, àti iye òṣìṣẹ́ tó máa ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́, ló yẹ kó pinnu ọ̀nà tí ẹ máa yàn. Ẹni tí wọ́n gbé ìpinnu náà lé lọ́wọ́ ni mo ń kọ èyí fún, yálà ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ní yunifásítì, tàbí ní ibùdó ìwádìí.

Kí ìyàtọ̀ wọn lè hàn, ìwé kan ṣoṣo ni màá mú gba inú wọn kọjá. Ká ní ó wà níwájú yín báyìí: ìwé tó sọ ipa tí àwọn obìnrin aláró kó nínú òwò àdìrẹ ní Abẹ́òkúta láàrin ọdún 1920 sí 1940.

Ta ni yóò so ọ̀rọ̀ pọ̀: ẹni tó ń ṣe ìtọ́ka, àbí òǹkàwé?

Ibi tí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ti yapa jù lọ ni ìgbà tí wọ́n ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn kan máa ń so ó pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe kátálọ́ọ̀gù: obìnrin, aró, Abẹ́òkúta, ìtàn, gbogbo rẹ̀ á wà lórí ìlà kan. Àwọn mìíràn á fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òǹkàwé ni yóò so wọ́n pọ̀ nígbà tó bá ń wá ìwé.

Nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, èyí tó gbajúmọ̀ jù ni àkójọ orí-ọ̀rọ̀ ti Library of Congress ní Washington, tí wọ́n ń pè ní LCSH. Ọdún 1898 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbé e lé ìlànà tí Charles Ammi Cutter ti là sílẹ̀ ní 1876: orúkọ ohun tí ìwé dá lé gan-an ni kí a fi tọ́ka sí i, kì í ṣe orúkọ ẹ̀ka ńlá tó wà lókè rẹ̀. Lábẹ́ LCSH, ìwé wa lè gba irú ìlà méjì yìí:

Dyes and dyeing—Nigeria—Abeokuta—History—20th century
Women textile workers—Nigeria—Abeokuta—History—20th century

Ohun tó mú kí LCSH wuni ni pé iṣẹ́ ti lè parí kí ìwé tó dé ọwọ́ yín. Bí ẹ bá ń lo Koha, ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ ilé-ìkàwé, ẹ lè fa àkọsílẹ̀ tí Library of Congress ti ṣe wọlé, tòun ti orí-ọ̀rọ̀ rẹ̀, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìlà náà sì dá dúró: ẹni tó kà á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ inú ìwé ti wáyé, ohun tó dá lé, àti sànmánì tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìlà méjèèjì wò. Àdìrẹ tí òǹkàwé wa fẹnu ara rẹ̀ bèèrè kò sí nínú èyíkéyìí. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sí nínú àkọlé ìwé, ó lọ nìyẹn. Ẹ̀wẹ̀, ìwé tí wọ́n tẹ̀ sí Oǹdó tàbí Ìlọrin tí kò dé Washington rí kò ní àkọsílẹ̀ tí ẹ lè fà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni òfin tó wà lórí bí a ṣe ń to ìlà LCSH gbà kí ènìyàn kọ́ ọ dáadáa.

Sears ni àbúrò rẹ̀ tó rọrùn. Minnie Earl Sears ló gbé e jáde ní 1923 fún àwọn ilé-ìkàwé kéékèèké, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le, ó sì fún òṣìṣẹ́ láyè láti dá orí-ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú àpẹẹrẹ tó wà nínú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ girama tó ń lo LCSH ń ru ẹrù tí kò yẹ ọrùn rẹ̀, Sears tó o.

Ìtọ́ka oníṣéènì ni S. R. Ranganathan ará Íńdíà gbé kalẹ̀. Nọ́ńbà ìsọ̀rí ìwé ló máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi ìwé wa sí 746.66 nínú Dewey, ètò ìsọ̀rí oní-nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ń lò, níbi tí wọ́n ń kó ìwé lórí aṣọ tí a dì tàbí tí a fi nǹkan bò kí a tó rẹ ẹ́ sí, a óò máa padà sókè díẹ̀díẹ̀:

Àdìrẹ: Rírẹ aṣọ: Iṣẹ́ ọnà aṣọ 746.66
Rírẹ aṣọ: Iṣẹ́ ọnà aṣọ 746.6
Iṣẹ́ ọnà aṣọ 746
Iṣẹ́ ọnà 700

Iṣẹ́ náà yá, kò gba àròjinlẹ̀ púpọ̀, àdìrẹ sì ti wọlé. Obìnrin ńkọ́? Òwò ńkọ́? Nọ́ńbà tí a fún ìwé náà kò gbé wọn, nítorí náà atọ́ka kò lè mọ̀ wọ́n. Bí ẹlòmíràn bá gbé ìwé yìí kan náà sí 338 lábẹ́ ọrọ̀-ajé, gbogbo ìlà wọ̀nyí á yí padà. Ìwé Àkójọ Orílẹ̀-èdè Bìrìtìkó, BNB, lo ọ̀nà yìí láti 1950 títí di 1970, kí wọ́n tó rí i pé àwọn nílò ohun tí kò ní so mọ́ nọ́ńbà mọ́.

Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni PRECIS, tí Derek Austin ṣe, tí BNB sì lò láti 1971 sí 1990. Kọ̀ǹpútà ló ń to ìlà rẹ̀. Òṣìṣẹ́ á kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, á fi àmì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan láti sọ iṣẹ́ tó ń ṣe (ibi, ohun, ìṣe, olùṣe), kọ̀ǹpútà á wá gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan síwájú láìba ìtumọ̀ jẹ́:

Àdìrẹ. Abẹ́òkúta. Nàìjíríà
  Òwò. Ipa àwọn obìnrin, 1920–1940

Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe fún Òwò, fún Obìnrin, fún Abẹ́òkúta. Lójú tèmi, nínú gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn gbé kalẹ̀, kò sí èyí tó sọ kókó ìwé jáde tó báyìí. Ó dùn mí pé kò pẹ́ láyé. Síbẹ̀ n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí: iṣẹ́ tó wà lórí ìwé kan pọ̀, kò sì sí ilé-ìkàwé tí ẹ lè yá àkọsílẹ̀ PRECIS lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ nítorí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó kọ orí-ọ̀rọ̀ kankan, ẹ béèrè ìbéèrè PRECIS: kí ni wọ́n ṣe, ta ló ṣe é, níbo, nígbà wo?

Ní òdìkejì, Mortimer Taube ní Amẹ́ríkà mú Uniterm jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ọ̀rọ̀ kan, káàdì kan. Nọ́ńbà gbogbo ìwé tó kan "obìnrin" á wà lórí káàdì obìnrin, ti "aró" á wà lórí tirẹ̀, òǹkàwé á gbé káàdì méjèèjì kalẹ̀, á sì wo nọ́ńbà tó fara hàn nínú méjèèjì. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lónìí náà nìyẹn bí a bá tẹ ọ̀rọ̀ méjì sínú àpótí ìwákiri. Wàhálà rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí a tú ká kò mọ èyí tó ṣáájú. Ẹni tó ń wá ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà máa rí ìwé lórí ẹ̀kọ́ ìtàn gbà pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ méjì kan náà ni.

FAST wà láàrin méjèèjì. OCLC, àjọ tí àwọn ilé-ìkàwé fi ń pín àkọsílẹ̀ láàrin ara wọn, àti Library of Congress ló jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 1998: wọ́n mú ìlà gígùn LCSH, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, ibi lọ́tọ̀, àsìkò lọ́tọ̀, kókó lọ́tọ̀. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ òfin títo ìlà lè lò ó lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ rí i, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ẹ bá ní òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ tàbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́, FAST ni kí ẹ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ tí a ti ṣà sílẹ̀, àbí ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé gan-an?

Ibí yìí ni èdè Yorùbá ti mú ọ̀rọ̀ le ju bí ìwé ẹ̀kọ́ ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Ẹ wo gbágùúdá. Ibòmíràn ẹ̀gẹ́ ni, ibòmíràn pákí ni. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan lò ṣe atọ́ka, ìwé lórí irè oko kan ṣoṣo á fọ́n sí ojú mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó máa rántí wá wọn níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ thesaurus nìyẹn: ó á yan ọ̀kan, á kọ sábẹ́ àwọn yòókù pé "wo gbágùúdá", á sì sọ ohun tó gbòòrò jù ú lọ àti ohun tó kéré sí i. Àjọ FAO ní AGROVOC fún iṣẹ́ àgbẹ̀, ó sì wà ní èdè tó ju 40 lọ. Ilé-ìkàwé ìmọ̀ ìṣègùn Amẹ́ríkà ti ń lo MeSH láti 1960. Bí ẹ̀ka kan ṣoṣo ni ilé-ìkàwé yín dá lé, ẹ má ṣe jókòó ti LCSH: ẹ gba thesaurus ẹ̀ka yẹn.

Òrìṣà tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará Brazil ń kọ orixá, àwọn ará Cuba ń kọ oricha, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń kọ orisha. Ṣàngó di Xangô níbì kan, ó di Changó níbòmíràn. Ọmọ yunifásítì tó bá tẹ "Ṣàngó" kò ní rí ìwé tí wọ́n kọ ní Bahia, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ ohun tó ń wá gan-an. Orí-ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wọn ń tọ́ka sí, irú "Orishas" ti LCSH, máa ń kó wọn jọ. Èyí nìkan tó fún mi láti sọ pé ilé-ìkàwé tó ní ìwé lórí àṣà wa ní èdè mẹ́ta mẹ́rin kò gbọdọ̀ gbé ara lé ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan.

Kí wá ni ọ̀rọ̀ inú ìwé dára fún? Ó yá, ó sì ń bá ayé lọ. Hans Peter Luhn ti ilé-iṣẹ́ IBM ló mú KWIC wá ní ìparí àwọn ọdún 1950: kọ̀ǹpútà á mú àkọlé ìwé, á yọ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kúrò, á sì yí àkọlé náà ká títí ọ̀rọ̀ pàtàkì kọ̀ọ̀kan á fi ní àyè tirẹ̀ nínú atọ́ka. "Àwọn obìnrin aláró àti òwò àdìrẹ ní Abẹ́òkúta" á hàn lábẹ́ obìnrin, lábẹ́ aláró, lábẹ́ òwò, lábẹ́ àdìrẹ, lábẹ́ Abẹ́òkúta, láìsí ẹni tó ronú rárá. Fún àròkọ sáyẹ́ǹsì tí àkọlé rẹ̀ ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó péye. Fún ìtàn-àròsọ Yorùbá ńkọ́, tí ọ̀pọ̀ ń fi òwe ṣe àkọlé? Òwe náà á yí ká nínú atọ́ka, òǹkàwé tó ń wá ìtàn nípa orogún tàbí nípa ìwà jẹgúdújẹrá kò ní rí nǹkan kan.

Ó tún ku àmì ohùn. Oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: bí ètò ìwákiri bá yọ àmì kúrò, gbogbo wọn á di ọ̀kan, ẹni tó ń wá ìtàn ọkọ̀ ojú omi á máa ka ìwé lórí ìgbéyàwó. Bí ètò náà kò bá sì yọ ọ́, ẹni tí kò lè tẹ àmì lórí fóònù rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò fura sí tún wà níbẹ̀: nínú Unicode, ọ̀ kò ní fọ́ọ̀mù ẹyọ kan tirẹ̀. Ẹnì kan lè tẹ ọ kó tó fi àmì ohùn lé e, ẹlòmíràn lè tẹ ò kó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Lójú wa ọ̀kan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà tí wọn kò ṣètò dáadáa méjì ni. Kí ẹ tó gba ètò kankan, ẹ tẹ "ọkọ̀" sínú rẹ̀ ní ọ̀nà méjèèjì kí ẹ wo bóyá èsì kan náà ló mú wá.

Àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ inú ìwé máa ń fi ìdánwò Cranfield gbè é, ó sì yẹ ká dá wọn lóhùn. Cyril Cleverdon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cranfield, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà mẹ́rin wé ara wọn láti 1957. Wọ́n fi 18,000 ìwé ìmọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ṣe é: ìsọ̀rí UDC, orí-ọ̀rọ̀ lábídí, ìsọ̀rí alápá púpọ̀, àti Uniterm. Gbogbo ènìyàn rò pé ìyàtọ̀ á pọ̀. Nígbà tí èsì dé, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan rí ìwé tí wọ́n ń wá nígbà tó wà láàrin 74 sí 82 nínú ọgọ́rùn-ún, Uniterm tó rọrùn jù ló sì ṣáájú díẹ̀. Nínú ìdánwò kejì, tí wọ́n fi 1,400 ìwé ṣe, ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n mú láti inú ìwé tún borí. Ó tún hàn níbẹ̀ pé bí a bá fẹ́ kó gbogbo ìwé tó yẹ wá, èyí tí kò yẹ á máa bá wọn wọlé, bí a bá sì dínà mọ́ èyí tí kò yẹ, díẹ̀ nínú èyí tó yẹ á sá lọ.

Mo gba èsì yẹn gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ẹnjiníà ni, ní èdè kan, níbi tí orúkọ ohun kan kì í yí padà láti ìlú sí ìlú. N kò gbà pé ó dá ẹjọ́ ẹ̀gẹ́ àti gbágùúdá.

Bí orúkọ tí àkójọ fún wa kò bá dùn mọ́ wa

Sanford Berman jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ní Yunifásítì Zambia ní Lusaka ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ pé "Kafirs," tó jẹ́ orí-ọ̀rọ̀ LCSH nígbà náà, jẹ́ èébú pọ́ńbélé fún ènìyàn dúdú. Ìyẹn ló gbé e dìde, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún bá Library of Congress jà lórí irú àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe kì í yá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Dartmouth College ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ní 2014 kí wọ́n yọ "Illegal aliens" (àjèjì tí kò bófin mu) kúrò, Library of Congress gbà ní 2016, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà dá sí i, 2021 ni wọ́n tó fi orí-ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó bá yan LCSH gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ibi tí ìpinnu ti ń wá jìnnà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé a dè yín lọ́wọ́. Ètò SACO wà tí ilé-ìkàwé fi lè dábàá orí-ọ̀rọ̀ tuntun fún LCSH, mo sì fẹ́ kí àwọn yunifásítì wa máa lò ó ju báyìí lọ. Ní báyìí ná, MARC, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń to àkọsílẹ̀ kátálọ́ọ̀gù sí àwọn àyè oní-nọ́ńbà, ti fi àyè sílẹ̀. Orí-ọ̀rọ̀ LCSH á wà ní 650 tí atọ́nà kejì rẹ̀ jẹ́ 0. Orí-ọ̀rọ̀ tiyín, "Àdìrẹ" tàbí "Aláró", á wà ní 650 mìíràn tí atọ́nà kejì rẹ̀ jẹ́ 7, pẹ̀lú orúkọ àkójọ yín nínú $2. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò ì ṣèpinnu lé lórí á lọ sí 653. Ìwé kan náà á wá ṣeé rí lọ́nà méjèèjì, ẹ kò sì ba àkọsílẹ̀ tí ẹ fà wọlé jẹ́.

Ènìyàn, ẹ̀rọ, tàbí òǹkàwé fúnra rẹ̀

Láti 2022, ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ fi MeSH sára àwọn àròkọ MEDLINE, àkójọ àròkọ ìmọ̀ ìṣègùn ti Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn kàn ń yẹ apá kan rẹ̀ wò ni. Ilé-ìkàwé Orílẹ̀-èdè Finland ṣe Annif, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ láti ara ìwé tí ènìyàn ti ṣe ìtọ́ka fún tẹ́lẹ̀, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Fún ìwé Gẹ̀ẹ́sì yín, ẹ lè dán an wò. Fún ti Yorùbá, àpẹẹrẹ tó máa fi kọ́ṣẹ́ kò ì tó, ọwọ́ wa ni wọ́n máa ti wá.

Àmì tí òǹkàwé ń fi sára ìwé fúnra wọn, bí LibraryThing ṣe ń ṣe láti 2005, dára fún yàrá ìwé ara ẹni, ó sì máa ń fi ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ lẹ́nu hàn yín. Kò tó láti dá dúró.

Kí lẹ máa mú?

Ilé-ẹ̀kọ́ girama: Sears, pẹ̀lú ojú ìwé kan tàbí méjì ti ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Ibùdó ìwádìí tó dá lé ẹ̀ka kan: thesaurus ẹ̀ka náà. Yunifásítì: LCSH fún ohun tí ẹ lè fà wọlé, FAST fún èyí tí ẹ máa ṣe fúnra yín bí òṣìṣẹ́ kò bá pọ̀, àti àkójọ Yorùbá tiyín ní 650 kejì. Àpótí ìwé ìròyìn àtijọ́ tàbí ìwé pẹlẹbẹ tí kò sẹ́ni tó ráyè kà: ọ̀rọ̀ inú àkọlé nìkan, kí ó lè jáde lọ́dún yìí dípò kí ó máa dúró de iṣẹ́ pípé.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ mú àádọ́ta ìwé láti orí pẹpẹ yín. Kí òṣìṣẹ́ méjì ṣe ìtọ́ka wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ọ̀nà tí ẹ fẹ́ yàn, láìwo ti ara wọn, kí ẹ wá fi wé. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ púpọ̀, ọ̀nà náà le jù fún wọn tàbí òfin rẹ̀ kò tí ì yé wọn. Lẹ́yìn náà ẹ kó àwọn ìbéèrè tí òǹkàwé bèèrè lẹ́nu tábìlì ní ọ̀sẹ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, kí ẹ tẹ̀ wọ́n sínú kátálọ́ọ̀gù ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò bá mú ìwé tó yẹ wá ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sínú àkójọ tiyín.